Àárọ̀ Tí A Gbálẹ̀ ní Brandywine

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí ní ọdún tí ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Màmá, wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú àbúrò mi tuntun. Ọdún yẹn ni ilé wa ní Landover, ní Amẹ́ríkà, kúrò ní ibi tí a kàn ń sùn sí kí a tó tún sáré jáde, tó wá di ilé tí ènìyàn máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Nígbà tí mò ń kọ́ni, bí mo bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ nípa ọjọ́ kan tí wọn kò lè gbàgbé, ibi tí ariwo ti pọ̀ jù ni wọ́n máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń dá wọn dúró. Mo máa ń ní, kọ́kọ́ mú mi wọ inú ilé ná, kí n mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe bí mo ti ń wí.

Ilé bíríkì pupa ni ilé wa, ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí wọ́n tò mọ́ra wọn bí eyín, tó fi jẹ́ pé ògiri kan náà ni àwa àti ará ẹ̀gbẹ́ wa jọ ń lò. Ilé ìkẹ́rùsí wà lẹ́yìn wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn ọkọ̀ ńláńlá ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, pìn-ìn, pìn-ìn, pìn-ìn, Màmá sì sọ fún wa ní ọjọ́ kejì tó dé pé ẹyẹ Amẹ́ríkà yìí kò mọ orin méjì. Lẹ́yìn ẹyẹ yẹn ni a ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí í máa jáde ní aago mẹ́fà fún iṣẹ́ wákàtí méjìlá. Lẹ́yìn náà ni omi yóò máa hó nínú áyọ́ọ̀nù Dádì, tí òun yóò máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Suitland, tí yóò sì máa fi imú kọ orin ìsìn. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti lọ tán, ohùn Màmá ni yóò gba gbogbo ilé: oríkì ọmọ ọwọ́, àdúrà, ìjà pẹ̀lú sítóòfù, gbogbo rẹ̀ nínú èémí kan. Mọ́mì ti kọ iṣẹ́ mi sórí bébà kan tó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì: kí n fọ àwo, kí n ká aṣọ ọmọ, kí n ṣa ẹ̀fọ́. Iṣẹ́ tó tóbi jù kò sí lórí bébà náà. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju “tẹ́ńkíù” lọ, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀, níbi gbogbo tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi ló sì ti fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Mísì Lìdíà ni ará ẹ̀gbẹ́ wa tí mo wí yẹn. Ènìyàn dúdú ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló sì ń gbé. Ọdún mẹ́rin ni a ti jọ ń lo ògiri kan kí Màmá tó dé, “gúdù mọ́níìn” nìkan ló sì ń kọjá láàárín wa. Ní ọjọ́ kan, Màmá tú irú tó gbé wá láti Ìbàdàn, ó sọ ọ́ sínú epo gbígbóná. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri gbàm, gbàm, gbàm láti òdì kejì. Inú Màmá dùn. Ó ní, “Áà, wọ́n ń kí wa!” Ó mú omorogùn, ó gbá ògiri padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí èyí ti òdì kejì tún gbá a, òun náà tún gbá a. Ó ku díẹ̀ kí ó máa jó sí i nígbà tí a gbọ́ ìkànkùn ní ẹnu ọ̀nà.

Mo ṣílẹ̀kùn. Mísì Lìdíà ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. Nítorí pé Màmá wà lẹ́yìn mi, mo kúnlẹ̀ kí i.

“Dìde, ọmọ, dìde,” ló wí. “Kí lo sọ nù tí o ń wá nílẹ̀? Kí ló kú sínú ilé yín?”

“Kí ni wọ́n wí?” ni Màmá béèrè.

“Wọ́n ní... wọ́n ní kí lẹ ń sè.”

“Ṣé o rí i! Òórùn ọbẹ̀ mi ló pè wọ́n wá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé. Ẹ wọlé o! Tẹ́ńkíù! Tẹ́ńkíù!”

Ó fa obìnrin náà lọ́wọ́ wọlé, ó fi í jókòó, ó sì gbé àwo ẹ̀fọ́ sí i níwájú. Mísì Lìdíà wo mi, ó wo àwo, ó wo Màmá tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, ó sì fi ṣíbí kan ẹnu. Ó tún bù ú. Ó ní, “Ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀, ó dùn bí Kérésì.” Màmá yíjú sí mi. “Wọ́n ní ó dùn bí Kérésì,” ni mo wí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí ohun tí mo ṣe yẹn, nítorí pé èmi fúnra mi kò fi ojú sí i nígbà náà. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo rò pé ògbufọ̀ dà bí asẹ́, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba pàǹtí dúró kí ó sì jẹ́ kí ògì kọjá. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, èmi sì gbóríyìn fún ara mi.

Ọ̀rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti iléèwé dé, èmi ni n ó jókòó láàárín àwọn méjèèjì lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ọmọ á wà lẹ́yìn Màmá, abọ́ ẹ̀fọ́ kọ́láàdì tí Mísì Lìdíà gbìn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á wà ní ẹsẹ̀ wa, a ó máa ya á. Mísì Lìdíà á gbé búrẹ́dì àgbàdo tó ṣì gbóná wá nínú páànù dúdú rẹ̀. Màmá máa ń bù ú sínú ata díndín, Mísì Lìdíà á sì máa ké pé obìnrin yìí fẹ́ ba búrẹ́dì òun jẹ́, òun náà á sì na ọwọ́ sí ata náà. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí ó ṣe dàgbà. Abúlé kan ní Brandywine ni wọ́n ti bí i, ní ìhà gúúsù níbi tí ó jẹ́ pé oko tábà ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìdajì ohun tó bá kórè jẹ́ ti onílẹ̀. Ó sọ bí ọkọ̀ àwọn ọmọ òyìnbó ṣe máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sí iléèwé tiwọn, tí òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin á máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé oníyàrá méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á dá iná sítóòfù. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń bọ́ ewé tábà kúrò lára igi rẹ̀ ní ìgbà òtútù, gbogbo ìdílé nínú yàrá kékeré kan, tí bàbá rẹ̀ á máa pa àlọ́ kí wọ́n má bàa sùn. Àti kòkòrò! Ó ní kòkòrò aláwọ̀ ewé kan wà, ó sanra tó ìka, iṣẹ́ àwọn ọmọdé sì ni láti máa ṣa á kúrò lórí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọwọ́ já a sí méjì.

Ìgbà tí mo túmọ̀ èyí, Màmá ju ẹ̀fọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Sọ fún un,” ló kígbe, “sọ fún un pé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi! Sọ fún un pé bàbá mi gbin tábà! Èmi náà ṣa kòkòrò!”

Mo sọ fún un. Mísì Lìdíà ní, “Irọ́ ni.”

“Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń fọ oje rẹ̀ kúrò lọ́wọ́,” ni Màmá wí.

“Tòmátì tútù tí kò tíì pọ́n,” ni Mísì Lìdíà dáhùn.

“Iyanrìn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni tiwa!” Màmá sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Mísì Lìdíà náà na tirẹ̀, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń wò ó bí ìgbà tí àwọ̀ tábà ṣì wà níbẹ̀. Mo rántí pé mo fò dìde lórí àtẹ̀gùn náà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọbìnrin méjì, òkun ńlá láàárín wọn, lè máa já kòkòrò kan náà ní àárọ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí n tún ara mi ṣe: Màmá fi bí ọdún méje ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àárọ̀ kan náà gan-an. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i lójú mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì ń rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan ni Mísì Lìdíà sọ ti ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ṣèlérí láti pè mí lórí fóònù ilé, mo sì ń fi etí kan gbọ́ inú ilé. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá òun kú. Onílẹ̀ ní kí wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ igbó, láàárín igi kédárì méjì. Wọn kò ní òkúta tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, nítorí náà wọ́n ri òkúta oko kan mọ́lẹ̀ ní ìhà orí. Ìyá ìyá rẹ̀ mú àwo aláwọ̀ aró tí olóògbé fi ń jẹun, ó fọ́ ọ, ó to àfọ́kù rẹ̀ sórí oórì. Ó wá gbin ìtàkùn kan tí kì í kú nígbà òtútù sí i, èyí tó ń yọ òdòdó aró, kí wọ́n lè máa dá ibẹ̀ mọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Fóònù sì dún nínú ilé.

“Kí ló wí?” ni Màmá béèrè.

“Ó ní wọ́n sin ìyá òun sí ẹ̀gbẹ́ igbó, láàárín igi méjì.”

“Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?”

“Ìyẹn náà ni, Màmá,” mo sì sáré wọlé lọ gbé fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà ká Màmá lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní tiwa, inú ilé ni a ń sin àgbàlagbà sí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbá ojú oórì rẹ̀. Ẹni tí a bá gbé jù sígbó, ó ní ohun tó ṣe. “Abiyamọ!” ni í máa wí bó bá ń ro ògì. “Abiyamọ tó fi ọmọ sílẹ̀ sáyé, nínú igbó! Koríko á ti hù dé orí rẹ̀.” Dádì ní, “Màmá, àṣà ibí ló yàtọ̀.” Ó dá a lóhùn pé àṣà lè yàtọ̀, ìdọ̀tí kì í yàtọ̀.

Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni lẹ́tà dé. Mísì Lìdíà mú un wá sí tábìlì wa, ó kà á fún Dádì. Wọ́n ti ta oko àtijọ́ yẹn fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé. Ẹni tó bá ní òkú nínú ilẹ̀ náà, kí ó wá ní ọjọ́ Sátidé báyìí, ní aago mẹ́wàá. Awọnlẹ̀ wọn yóò wà níbẹ̀. Ibi tí ó bá fi ọwọ́ hàn ni wọn yóò sàmì sí tí wọn yóò sì fi ọgbà yí ká. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, katakata yóò wọlé.

“Àbúrò mi ti kú,” ni Mísì Lìdíà wí. “Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibẹ̀. Bí mi ò bá lè fi ọwọ́ hàn án, wọ́n á gba orí ìyá mi la títì.”

“Èmi ni n ó fi ọkọ̀ gbé yín lọ,” ni Dádì wí. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Màmá ti ń béèrè ohun tí a ó sè.

Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo àwa yòókù lọ, àti ọmọ. Inú mi dùn bí ẹni tó ń lọ òde ọdún. Mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà, adìyẹ díndín wà nínú fọ́ìlì, Mísì Lìdíà wọ fìlà tó fi ń lọ sí ìjọ, Màmá sì gbé báàgì gígùn kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a ti ń lọ sí gúúsù, ilé ń dín kù, igi ń pọ̀ sí i, Mísì Lìdíà sì ń dàgbà sẹ́yìn lójú mi. Ó fi orí yọ lójú fèrèsé. “Ibẹ̀ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra súìtì! Òkè yẹn ni mo ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́! Ẹ yà, ẹ yà síbí, Bàbá Bọ́lá!” Ọ̀dọ̀ Màmá ló ti kọ́ fífi orúkọ mi pe Dádì bẹ́ẹ̀, ó sì mú wa rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà.

A gúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà iyanrìn kan. Mísì Lìdíà rí àwọn kédárì méjèèjì lókèèrè, ó di apá Dádì mú. “Wọ́n ṣì wà,” ló wí. “Ìyá mi wà láàárín wọn.” Ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án ni, awọnlẹ̀ kò sì ní rí ojú ọ̀nà yẹn láti títì bí ẹnì kan kò bá dúró dè é. Òun àti Dádì padà sí etí títì. “Ẹ lọ dúró dè mí lọ́dọ̀ rẹ̀,” ló sọ fún wa. “Kí ó má dá nìkan wà.”

Màmá dé ibẹ̀, ó sì kígbe. Gbogbo àárín àwọn igi náà, ó tó ìbú kíláàsì kan, ìtàkùn ti bò ó pátá. Òdòdó wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀. Òkúta kan yọ orí, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àfọ́kù àwo ń dán láàárín ewé. Màmá tú báàgì rẹ̀, ó yọ ọkọ́ tí Mísì Lìdíà fi ń ro ẹ̀fọ́ jáde, ó yọ ìgbálẹ̀ Ìbàdàn jáde. “Kí ó tó dé,” ló wí, “kò ní bá ìyá rẹ̀ báyìí.” Ó fi ọ̀já di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún yín: a gbádùn rẹ̀. A ń kọrin. A fa ìtàkùn tu, a wọ́ ọ sínú igbó. A hú òkúta náà, a yí i dànù kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, a sì fi erùpẹ̀ dí ihò rẹ̀. Èmi ni mo ṣa àfọ́kù, mo kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú agolo àti ewé gbígbẹ. Màmá gbálẹ̀ náà títí tí ilà ìgbálẹ̀ fi hàn lórí erùpẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbàlá ilé wa ní Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, “Àwọn ará ọ̀run á mọ̀ pé ó bímọ.”

Mísì Lìdíà yọ láti àárín igi, Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan lẹ́yìn wọn tó ru igi ìsàmì. Màmá na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìyàwó hàn. Mísì Lìdíà dúró. Ó wo ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

“Níbo ló wà?” ló wí.

Ó rìn wọ àárín ilẹ̀ tí a gbá náà.

“Àwo ìyá mi. Òkúta rẹ̀. Bọ́lá, níbo ló wà?”

Ìgbà yẹn ni gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn padà sí mi lórí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ìró fóònù. Ọ̀rá pàǹtí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo na án sí i, àfọ́kù aró sì yọ lára rẹ̀. Màmá ń fà mí láṣọ: “Kí ló wí? Kí ni mo ṣe?” Mo sọ fún Màmá nígbà náà, ohun tó yẹ kí n ti sọ: àwo, òkúta, ìtàkùn, ìdí rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé orí. Ìgbálẹ̀ jábọ́.

“Èmi ni,” mo wí fún Mísì Lìdíà. “Ẹ sọ ọ́, èmi ni mi ò sọ ọ́ fún Màmá. Mo gé e kúrú.”

Awọnlẹ̀ náà ṣí fìlà rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní, “Màdámù, ibi tí ẹ bá fi hàn mí ni mo lè sàmì sí, mi ò lè sàmì sí gbogbo igbó yìí. Títì máa gba ibí kọjá. Mo lè dúró di ọ̀sán.” Dádì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, sà tibí, sà tọ̀hún. Mo rántí pé mo ṣá ń wo ilẹ̀ tí a gbá yẹn, tó mọ́ bí ojú àwo, tí kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Mísì Lìdíà kò bá wa jà. Ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú koríko gíga, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. A gbọ́ ohùn rẹ̀: “Igun àká rèé!” Òkúta ìpìlẹ̀ ilé kan ló rí, ibi tí wọ́n ti ń sá tábà nígbà náà. Ó tẹ̀lé e, ó dé ibi tí òkúta náà dá, ó ní ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ó sì jókòó sílẹ̀, pẹ̀lú fìlà ìjọ àti aṣọ dáadáa rẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù.

“Nígbà tí wọ́n ń sin ìyá mi, wọn kò jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀,” ló wí. “Ibí ni mo dúró sí. Mi ò ga ju bí mo ṣe jókòó yìí lọ. Bọ́lá, lọ sí àárín àwọn igi yẹn. Ìwọ ni o máa dúró fún ìyá mi.”

Mo sáré.

“Ọ̀tún! Ó pọ̀ jù, padà. Kédárì kékeré wà ní èjìká bàbá mi nígbà tó ń gbẹ́lẹ̀. Sún sẹ́yìn. Sún sí i! Òsì díẹ̀. Tún sí i. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀... Dúró! Dúró síbẹ̀, má mira!”

Mi ò mira. Awọnlẹ̀ wá pẹ̀lú irin gígùn tín-ínrín kan, ó gún un mọ́lẹ̀ ní apá ọ̀tún mi. Ó le. Ó gún un ní iwájú mi. Ó le. Màmá ń gbàdúrà sókè, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n gbé ẹsẹ̀, ó gún ibi tí mo dúró sí gan-an, irin náà sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ọ̀bẹ bọ inú ẹ̀kọ. Ó wo irin náà. Ó tún gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Ó tẹ̀lé e lọ, ó wọlé, ó wọlé, títí tó fi gùn tó ènìyàn, kí ó tó tún le. Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ yìí rí. Ó wà níbí, màdámù. Ó wà níbí.”

Ariwo tí a pa! Dádì fò. Dádì mi, tó máa ń so táì lọ́jọ́ Sátidé, fò bí ọmọ kékeré. A gbé Mísì Lìdíà dìde, a mú un wá, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ń ri igi ìsàmì mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì fi ààyè tó pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni Màmá wá kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

“Sọ fún un,” ló wí fún mi, “pé mo jẹ̀bi. Má fi nǹkan kan sílẹ̀.”

Mo sọ ọ́. Mísì Lìdíà mí kanlẹ̀. “Sọ fún un pé inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ní, “Ó tọ́ sí mi.” Mo sọ ìyẹn náà.

Mísì Lìdíà wo àwọn ilà ìgbálẹ̀ lórí erùpẹ̀. “Sọ fún un pé láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi, kò sí ẹni tó gbá ilé rẹ̀ fún un rí.”

Mo túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò gé e kúrú, mi ò sì fi adùn sí i. Màmá dì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mísì Lìdíà fà á dìde, wọ́n sì sunkún títí tí adìyẹ wa fi tutù. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa wọ igbó lọ wọ́ ìtàkùn padà. Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, Mísì Lìdíà to àfọ́kù àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, Dádì àti awọnlẹ̀ ri òkúta náà padà sí ìhà orí. Ní ọjọ́ kejì, apá èmi àti Màmá wú, ó ń yún wa burúkú, nítorí pé ewé onímájèlé kan wà láàárín ohun tí a fà tu. Mọ́mì fi oògùn funfun kùn wá láti ọwọ́ dé ìgúnpá, ó ń wò wá, ó ń mi orí. Màmá ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé bí ẹni bá jẹ gbèsè, ara rẹ̀ ni í kọ́kọ́ mọ̀.

Ilé ti kún ibẹ̀ báyìí. Títì wọn ṣẹ́ kọ́ná nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ àwọn kédárì náà, àwọn tó ń wakọ̀ kọjá kò sì mọ ìdí rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbẹnu sọ fún bàbá àti ìyá yín ní ọsibítù, ní báńkì àti ní iléèwé. Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára mi, kí ó má bàa jẹ́ pé ojú oórì ẹlòmíràn ni ẹ ó ti kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin kí ẹ tó dìde. Ẹ sọ ọ́ bó ti gùn tó, kódà bí ó bá ń rùn. Ibi tí ẹ bá sì dé tí ó dà bí ìdọ̀tí lójú yín, ẹ kọ́kọ́ bi onílé ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀.